Ibi tí iná ti ń sípáàkì kọ́ ni àrùn wà

Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Bàbá Onírédíò: ìdáhùn sí lẹ́tà yín

Lẹ́tà láti Houston, Texas

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo gba láísẹ́ńsì hámù, ti àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn. Lọ́dún tó kọjá, mo ra ámúpílífáyà àlòkù kan, ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára rédíò, tó ń lo fáàfù 3-500Z méjì (ohun onídígí bíi gílóòbù tó ń sọ agbára di ńlá). Fóòtì 3,000 ni mítà rẹ̀ máa ń fi hàn. Lórí báńdì 20 àti báńdì 40 (gígùn ìgbì rédíò ní mítà ni nọ́ńbà wọn), kò yọ mí lẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti na éríà tuntun fún báńdì 80, bí mo bá ti gbóhùn sókè, inú rẹ̀ á máa dún ṣàà-ṣàà bí ìgbà tí èèyàn ń dín àkàrà. Wáàtì tó ń jáde á já wálẹ̀, ọwọ́ mítà gíríìdì, èyí tó ń wọn iná tó ń gba àwọ̀n irin inú fáàfù, á fò sókè. Mo ṣí i, mo rí ojú dúdú lára kapásítọ̀ Tune (àwọn ewé irin tí bọ́tìnì Tune ń yí), mo fi sánpépà ha á. Ọjọ́ méjì péré ló fi dára. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra kapásítọ̀ mìíràn tí àlàfo àárín ewé rẹ̀ fẹ̀ ju ti èyí lọ. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn

Má tíì rà á, ọmọ mi. Ó ṣeé ṣe kí kapásítọ̀ yẹn má ní àrùn kankan lára. Ojú dúdú tí o rí ń sọ ibi tí iná gbà jáde fún ọ. Kò sọ ohun tó lé iná náà débẹ̀. Ohun tó lé e yẹn ni a ó jọ wá.

Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti àná: “Mo ṣí i.” O kò sọ bí o ṣe ṣí i.

Nínú irú ámúpílífáyà tí o ní, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n to kapásítọ̀ mẹ́jọ mìíràn, èyí tó ń kó iná jọ, tẹ̀léra kí wọ́n lè gba fóòtì 3,000 yẹn dúró. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá jẹ́ microfarad 200 (ìwọ̀n bí kapásítọ̀ ṣe lè kó iná jọ tó), gbogbo wọn lápapọ̀ á di 25. Ṣírò rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ fún ìdánwò láísẹ́ńsì, wàá rí i pé agbára joule 112 àti ààbọ̀ ló jókòó síbẹ̀ tó ń dúró. Ẹ̀rọ tí àwọn dókítà máa ń gbé lé àyà aláìsàn kí ọkàn rẹ̀ lè padà sí ipò, joule 120 sí 200 ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún àgbàlagbà. Ọkàn tó ti dàrú ni tiwọn ń tún tò. Ọkàn tó wà létò ni tìrẹ máa bá.

Nítorí náà, yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri; pípa súwíìṣì nìkan kò tó. Máa wo mítà fóòtì gíga títí ọwọ́ rẹ̀ á fi wálẹ̀ pátápátá, kí o sì tún fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, torí pé mítà lè bàjẹ́, rẹsítọ̀ tó ń fa iná yẹn gbẹ náà sì lè já kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Lẹ́yìn náà, wá ọ̀pá gbígbẹ tí kì í gbé iná, tí o ti de waya mọ́ lórí. Ìdí waya náà ni wàá kọ́kọ́ gbá mọ́ ara irin ẹ̀rọ, kí o tó fi orí rẹ̀ kan ibi tí fóòtì gíga wà. Jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá wà nínú ẹ̀rọ. Bọ́ òrùka, bọ́ aago. Fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́, kí ìkejì wà lẹ́yìn rẹ. Má ṣe dá nìkan wà nílé lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹ̀rọ kan ní irin pẹlẹbẹ kan tó máa ń bíríjì fóòtì gíga mọ́ ara ẹ̀rọ bí a bá ti ṣí ìdérí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o yọ ọ́ kí o lè máa wo sípáàkì náà lójúkojú, má gbọ́ tirẹ̀. Tí o bá fẹ́ wò ó, dé e padà, pa iná yàrá lálẹ́, kí o máa wo inú àwọn ihò tí atẹ́gùn ń gbà.

Ó yá, ká padà sórí ohùn tí o gbọ́.

Oríṣi sípáàkì méjì ló wà nínú ámúpílífáyà oní-fáàfù, etí ni a sì fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Èyí àkọ́kọ́ máa ń dún gbòà! lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìbọn. Fíúsì á jó, mítà á gbọ̀n, ẹni tó wà ní yàrá kejì á béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Iná tó ti kóra jọ sínú àwọn kapásítọ̀ mẹ́jọ yẹn ló sá jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni tìrẹ: ó ń dín àkàrà níwọ̀n ìgbà tí o bá ń sọ̀rọ̀, bí o bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́, fíúsì kò sì jó. Iná rédíò fúnra rẹ̀ nìyẹn, èyí tó yẹ kó gba éríà lọ. Inú mi dùn pé èyí ni, torí pé nínú mẹ́wàá irú rẹ̀ tí wọ́n gbé wá bá mi, èyí tó pọ̀ jù ni kò ní ẹ̀yà ara kankan tó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ.

Wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Fáàfù ń ti agbára sínú kóìlì àti kapásítọ̀ méjèèjì, Tune àti Load. Éríà ló gbọ́dọ̀ gbé agbára náà lọ, bọ́tìnì Load sì ni ẹnu ọ̀nà. Bí ẹnu ọ̀nà bá fún jù, agbára kò rí ibi lọ, fóòtì orí kapásítọ̀ Tune á wá máa gòkè. O rántí ìgbà tí a bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu róbà omi: ibi tí róbà náà ti gbó lẹ́yìn ni omi máa ń tú jáde. Ẹni tó bá lẹ ibẹ̀ láì gbé àtàǹpàkò kúrò, ibòmíràn ni yóò tú lọ́la. Àtàǹpàkò yẹn ni o kò tíì gbé kúrò nígbà tí o ń ha ojú dúdú.

Mítà gíríìdì rẹ sì ti ń jẹ́rìí. Nínú ámúpílífáyà tí wọ́n so gíríìdì rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi tìrẹ, gíríìdì máa ń gba iná jù nígbà tí ẹrù orí plate, irin inú fáàfù tí agbára ń gbà jáde, kò bá tó. Nítorí náà, bí ọwọ́ mítà yẹn bá ga ju èyí tí ìwé ẹ̀rọ rẹ sọ lọ, kódà kí àkàrà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín, ẹnu ọ̀nà ló fún.

Ta ló wá fún un? Ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́: kò yọ ọ́ lẹ́nu rí àfi ìgbà tí o na éríà báńdì 80. Báńdì yìí fẹ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ní Amẹ́ríkà, láti 3.5 dé 4.0 megahertz ni. Waya dipole (éríà oníwaya apá méjì) tí a bá gé fún 3.8, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 123, kò ní bá ọ ṣe dáadáa tí o bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí 3.55. SWR, ìwọ̀n tó ń fi hàn bí agbára ṣe ń ta padà láti ara éríà, á gòkè. Wáàtì 1,000 sínú ohm 50, fóòtì tó ga jù lórí waya kóásì, èyí tó lọ láti ẹ̀rọ dé éríà, kò ju 316 lọ. Bí SWR bá di 3, ó lè dé 548 níbì kan lórí waya kan náà. Ìyẹn níta o. Nínú ẹ̀rọ, lórí kapásítọ̀ Tune, ẹgbẹẹgbẹ̀rún la ń kà. Bí o bá yí Load dáadáa, fóòtì ibẹ̀ lè wà ní tòsí 2,500. Bí éríà kò bá jẹ́ kí Load rí ibi tó yẹ kó dúró sí, ó kọjá bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ àárín ewé irin kò sì ní lè dá a dúró mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe lópin ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Yọ éríà kúrò, so dummy load ohm 50 sípò rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń ṣe bí éríà ṣùgbọ́n tó ń sọ agbára di ooru. Ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ wọn kò lè gba wáàtì 1,000 ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára kékeré láti inú rédíò rẹ, yí Tune títí wáàtì á fi pọ̀ jù, ṣí Load díẹ̀, padà sórí Tune, tún ṣí Load díẹ̀. Máa fi kún agbára díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí o bá dé góńgó, tún ṣí Load ní ìwọ̀n bín-ín-tín kọjá ibi tí wáàtì ti pọ̀ jù. Wàá pàdánù wáàtì díẹ̀, ṣùgbọ́n gíríìdì á sinmi, fóòtì orí Tune á sì wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi kékeré yí bọ́tìnì sí ipò, wọ́n á wá ti rédíò dé òpin láì tún Load fọwọ́ kàn. Ibi tí àkàrà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí ó bá dákẹ́ lórí dummy load ní gbogbo agbára rẹ̀, ní báńdì 80 gan-an, kapásítọ̀ rẹ yè. Ìta ni kí o lọ.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní 1983, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀nà gbà mí láti máa tọ́jú rédíò tí wọ́n fi ń bá àwọn òṣìṣẹ́ wọn nínú igbó sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn. Ámúpílífáyà wáàtì 1,000 ni. Oṣù Keje dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín àkàrà láràárọ̀. Ọ̀gá mi ní kapásítọ̀ ló kú. Wọ́n kọ̀wé sí òkè òkun, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi dúró. Èmi ni mo dè é mọ́ ipò rẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n torí iye tí wọ́n ní wọ́n rà á. Ní ọjọ́ kẹta, tuntun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín àkàrà. Ìgbà náà ni mo tó lọ ka ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí. Gbogbo òwúrọ̀ tó ti dún, òjò rọ̀ ní òru tó ṣáájú rẹ̀. Bí oòrùn bá ti ràn títí di nǹkan bí agogo mọ́kànlá, ó dákẹ́. Mo gun òpó éríà lọ. Nígbà tí mo tú ìsopọ̀ waya kóásì tó wà lókè, omi ṣàn sí mi lápá, bàbà inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Mo gé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kúrò lára waya náà, mo fi ẹnu tuntun sí i, mo fi téèpù rọ́bà wé e dáadáa. Kapásítọ̀ àtijọ́ tí a ti jù sínú àpótí, mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà sípò. Ibẹ̀ ló wà tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1989.

Nítorí náà, wo ẹnu waya PL-259 rẹ, èyí tó wà nílẹ̀ àti èyí tó wà lókè. Ṣé òjé tí wọ́n fi jó o mọ́ra gba gbogbo ara àwọ̀n waya yípo, àbí ojú kan péré ló dì í mú? Ṣé waya ilẹ̀ rẹ le? Houston kò gbẹ ju Ìjẹ̀bú-Òde lọ ní àsìkò òjò, omi á rí ọ̀nà wọlé bí o bá fún un láyè. Bí èyí bá dára, gba SWR láti 3.5 dé 4.0, kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o mọ ibi tí éríà rẹ fẹ́ràn. Ibẹ̀ ni kí o ti lo ámúpílífáyà. Ní ibi yòókù, lo rédíò nìkan.

Ó kù ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ. Ó fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kapásítọ̀ tí àlàfo ewé rẹ̀ fẹ̀, bí títóbi rẹ̀ kò bá yàtọ̀, picofarad rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe lè kó iná jọ tó, á dínkù. Báńdì 80 ni báńdì tó ń fẹ́ picofarad púpọ̀. Ó ṣeé ṣe kí o náwó tán kí Tune má lè dé ibi tó yẹ mọ́ níbi tí o ti nílò rẹ̀ gan-an.

Tí ó bá wá dín àkàrà lórí dummy load náà ńkọ́? Ìgbà náà ni a ó fura sí inú. Fi ìmọ́lẹ̀ wo àárín àwọn ewé irin náà ní ìkọ̀ọ̀kan. Èyí tó tẹ̀, fi nǹkan pẹlẹbẹ tún un gbé dúró sí àárín. Sánpépà tí o lò yẹn fa ojú ilà sára irin náà, ó sì fi eruku sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó wà láàárín irin méjì tó dán lè gba nǹkan bí fóòtì 3,000 lórí milimítà kan kí ó tó já. Bí ojú irin bá mú ṣóńṣó, kò ní tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí náà, lo fáìlì tó kúnná, lẹ́yìn rẹ̀ sánpépà 600 tó kúnná, kí etí ewé náà yí róbótó, kí ó máa dán. Fi búrọ́ọ̀ṣì àti sípíríìtì fọ eruku rẹ̀ kúrò, jẹ́ kí ó gbẹ délẹ̀. Tánganran tó di ewé náà mú, fọ òun náà. Bí iná bá ti fa ilà dúdú sára ohun tí kì í gbé iná, èédú ni ilà yẹn, èédú sì ń gbé iná. Má kùn ún, má lẹ nǹkan bò ó. Ha á títí dé ibi tó mọ́, tàbí kí o pààrọ̀ rẹ̀.

Súwíìṣì báńdì náà, yí i kí o gbọ́ bí ó ṣe wọ ipò. Bí ó bá dúró sí àárín ipò méjì, yóò sípáàkì, ẹnikẹ́ni tó bá sì yí i nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ ti ba á jẹ́. Bí o bá rí ojú dúdú lórí ẹnu súwíìṣì báńdì 10 nígbà tó jẹ́ pé báńdì 80 lo ń lò, èyí máa ń mú mi fura pé fáàfù ń dá kọrin tirẹ̀ ní ìgbì gíga jù lọ. Wo rẹsítọ̀ kékeré tí wọ́n fi kóìlì wé yíká nídìí plate fáàfù kọ̀ọ̀kan. Fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ti já tàbí ohm rẹ̀ ti gòkè, pààrọ̀ méjèèjì pọ̀.

Fáàfù kò sí lára ohun tí mo fura sí lọ́rọ̀ tìrẹ, torí pé gbòà ni tirẹ̀ máa ń dún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ra 3-500Z tó ti wà nínú páálí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ má kàn án mọ́ fóòtì 3,000 lọ́jọ́ tí ẹ gbé e dé. Ẹ jẹ́ kí iná inú rẹ̀ nìkan tàn fún wákàtí mélòó kan, fáànù ń fẹ́ sí i, kí ẹ tó fi fóòtì kékeré bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ bín-ín-tín tó ti yọ́ wọ inú rẹ̀, plate rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé e mì nígbà tó bá gbóná tó pọ́n.

Ẹ̀yin tó wà nílé, ohun méjì ni tiyín fi yàtọ̀. Iná ìjọba lè ti 230 gòkè dé 260 lóru. Fóòtì 3,100 nínú ámúpílífáyà á di 3,500 láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ wọn iná ògiri kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Èkejì ni ọmọńlé. Ó fẹ́ràn ibi tó móoru, ihò fáànù sì tó o láti wọlé. Mo ti yọ egungun rẹ̀ láàárín ewé kapásítọ̀ rí. Àwọ̀n irin wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi bo ihò náà, kí ẹ sì máa fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Kọ̀wé sí mi nígbà tí o bá ti so dummy load yẹn, ọmọ mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí mítà gíríìdì sọ.

Lẹ́tà láti Peckham, London

Bàbá, ẹ kú àárò wa. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí. Nígbà tí wọ́n gbé ààlà agbára láísẹ́ńsì Full níbí kúrò ní wáàtì 400 sí 1,000 ní 2024, mo ra ámúpílífáyà oní-tiransísítọ̀. Fóòtì 50 péré ló ń lò. Kí ló wá dé tí mo fi ń rí iná búlúù bín-ín-tín nínú rílè rẹ̀ (súwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí tó sì ń pa dé), èyí tí ara rẹ̀ dà bíi dígí, nígbà tí mo bá ń tẹ Morse? Mo rò pé ọ̀rọ̀ sípáàkì ti parí níwọ̀n ìgbà tí kò sí fáàfù.

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ rédíò, ìyá wa. Fóòtì 50 ló wọlé, ṣùgbọ́n èyí tó ń jáde kì í ṣe 50 mọ́. Wáàtì 1,000 sínú ohm 50, fóòtì 316 ni góńgó rẹ̀, bí ti fáàfù gẹ́lẹ́. Rílè yín ni wọ́n ń mú pàdé rẹ̀ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ò tíì pa dé.

Ọ̀pọ̀ rílè bíi tiyín máa ń gba millisecond 10 sí 15 kí ẹnu rẹ̀ tó dì mọ́ra. Bí ẹ bá ń tẹ Morse ní ọ̀rọ̀ 25 ní ìṣẹ́jú kan, millisecond 48 ni àmì kúkúrú kan. Bí rédíò yín bá ti ń rán iná jáde kí rílè tó dì, tàbí tí rílè bá ṣí kí iná tó tán, iná búlúù yẹn lẹ máa rí, àmì ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì gé níwájú. Inú rédíò lẹ ti máa tún un ṣe, kì í ṣe inú ámúpílífáyà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ TX delay sí, ìyẹn bí rédíò ṣe máa dúró pẹ́ tó kó tó rán iná jáde, ẹ gbé e sí millisecond 20 tàbí 25. Ẹ pa full break-in, ẹ lo semi, kí rílè má bàa máa ṣí láàárín àmì àti àmì.

Nígbà tí ẹ bá ti ṣe èyí, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ wo ẹnu rílè náà. Bí ó bá ti ní ihò dúdú, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi fáìlì ha á, torí fàdákà tó wà lójú rẹ̀ kò nípọn. Ẹ tún di àwọn bóòtù waya fóòtì 50 náà le, nítorí kí wáàtì 1,000 tó lè jáde, ó tó amp 30 tó ń kọjá níbẹ̀, bóòtù tó bá tú díẹ̀ á gbóná títí yóò fi yọ́ rọ́bà. Ẹ kọ́kọ́ fi wáàtì 100 dán an wò nínú òkùnkùn. Bí ẹ kò bá rí búlúù kankan mọ́, ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀.